Àsìkò Tí Àwòrán Kò Tà ní Lahore

Oṣù kọkànlá ni ọjà àwòrán máa ń ṣí ní Lahore, nígbà tí ooru bá ti lọ, tí àwọn olówó bá ti òkè òkun dé fún ìgbéyàwó. Lọ́dún yẹn, èéfín ló kọ́kọ́ dé. Ó bo ìlú tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ òfuurufú kò rí ilẹ̀ bà sí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tó fi máa lọ, àwọn tó ń ra àwòrán ti gba Dubai lọ.

Sibtain ti gbé àwòrán mẹ́rìnlélógún kọ́ sára ògiri ní ilé àfihàn Sethi. Ó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ kó lè gbájú mọ́ àwòrán yíyà, Shumaila ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún oṣù karùn-ún. Bàbá Sibtain, Ustad Allah Ditta, agbẹ́gi láti Chiniot, ló ṣe férémù gbogbo wọn, tó gbẹ́ ewé àti òdòdó sí wọn létí, bó ṣe ń ṣe láti ìgbà tí ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹyọ kan kò tà. Lọ́sẹ̀ kejì, Sethi ní kí wọ́n dín owó kù. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó ní kí wọ́n tún dín in kù. Àwọn tó wọlé mu tíì, wọ́n jẹ samosa, wọ́n ya fọ́tò ara wọn, wọ́n lọ. Ilé àfihàn kan ládùúgbò ti di ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ìyàwó. Ọ̀rẹ́ Sibtain kan, ayàwòrán bíi tirẹ̀, ti ń kun ara ọkọ̀ akẹ́rù.

"Ṣé kí n wá àyè fún ẹ níbẹ̀ ni?" ọ̀rẹ́ náà bi í. "Ìwọ á máa ya ọ̀kín, èmi á máa ya ẹkùn. Awakọ̀ kì í sọ pé òun ń bọ̀ wá rò ó."

Sibtain rẹ́rìn-ín, ó sì gba ilé lọ. Shumaila bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì kí wọ́n lè tà á. Sibtain dìde, ó lọ bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ igi yìí dúró. Férémù yín ló ń sọ àwòrán mi di ohun àtijọ́. Férémù pẹlẹbẹ dúdú lásán ni wọ́n ń lò ní Karachi báyìí. Sethi náà sọ ọ́."

Bàbá fẹ́ eruku kúrò lórí igi. "Sethi ò mọ igi, ọmọ mi. Lọ jẹun, ó ti ń tutù."

Ní oṣù Disẹ́ńbà, obìnrin kan wọlé, Begum Mehrunnisa, tó ń kọ́ ilé ìtura sórí òkè ní Murree. Kò fà sẹ́yìn wo àwòrán bí àwọn yòókù. Ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka tọ etí rẹ̀ yípo, ó sì fi tépù wọn gígùn rẹ̀. Bàbá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń tún ìṣó ògiri kàn. Begum bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó tó padà wọlé.

"Mo fẹ́ mẹ́fà," ó wí fún Sibtain. "Lóṣù tó ń bọ̀, ṣé mẹ́wàá á ṣeé ṣe?"

"Kí ni kí n yà, Begum Sahiba?"

"Ohun tó bá wù ẹ́."

Nígbà tó lọ tán, Sibtain bi bàbá rẹ̀ pé kí ni obìnrin náà ń bá a sọ.

"Ó ní ṣé ọmọ mi ni ẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Mẹ́wàá lọ ní Jánúárì, mẹ́wàá lọ ní Fẹ́búárì. Sibtain ń yàwòrán bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó ń bẹ̀rù pé àwòrán á sú Begum, pé tẹlifóònù á dún lọ́jọ́ kan, gbogbo rẹ̀ yóò sì parí. Ó fẹ́ lo pẹlẹbẹ dúdú láti tẹ́ obìnrin náà lọ́rùn sí i. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí bàbá gbé ohùn sókè.

"Igi mi ni yóò gbé e! Lórí èyí, n kò gbọ́ àlàyé."

Sibtain pè é ní agídí arúgbó, ó sì jẹ́ kó ṣe é. Ọwọ́ bàbá wú, ó fi aṣọ wé e, ó ń gbẹ́ igi lọ. Shumaila bí ọmọbìnrin ní Máàsì.

"Ẹ rí i báyìí, Bàbá?" Sibtain wí níwájú àwọn àlejò. "Ọjà kú, iṣẹ́ mi ń tà. Àwòrán ló ń wá oúnjẹ fún férémù."

"Mo rí i," bàbá wí, ó sì gbá ọmọ tuntun náà mọ́ra.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá lọ ra igi ní Chiniot. Sibtain wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti wá ìṣó, ó sún àwọn àpò tó wà lẹ́yìn pẹpẹ iṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwòrán mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti tà fún Begum ló bá níbẹ̀, wọ́n ti yọ gbogbo wọn kúrò nínú férémù, wọ́n ká wọn jọ bí ẹní, ìwé kan sì wà lórí wọn: "Ustad Sahib, ẹ gba àwòrán ọmọ yín ti oṣù yìí padà gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wa, dígí ìwojú tí mo fi rọ́pò wọn bá férémù yín mu gan-an nínú gbogbo yàrá, mo sì ti gbà pé níwọ̀n bí ẹ ò ti ní ta igi fún mi láìjẹ́ pé mo ra àwòrán rẹ̀ mọ́ ọn, n óò máa ra méjèèjì."