Ariwo Tí Orímisàn Gbọ́ Nínú Ibú

Ní etí òkun Ìlàjẹ, níbi tí ilé ti ń dúró lórí igi, tí ọmọdé ti ń mọ omi wẹ̀ kó tó mọ ọ̀nà oko, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Orímisàn. Ọwọ́ rẹ̀ yá níṣẹ́, ara rẹ̀ sì le koko, àmọ́ ó ní àléébù kan: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹ̀rù lójú òun. “Ikú yá ju ẹ̀sín” lorin tó ń kọ ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fetí sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ ibi tí orin yẹn gbé e dé.

Ọkọ̀ abẹ́ omi ni Orímisàn ń wà. Kì í ṣe èyí tó ń léfòó o. Ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ ibú ni, tí wọ́n dì pa bí ẹyin, tí èèyàn mẹ́ta ń jókòó sínú rẹ̀ láti lọ wo ẹja tí kò rí oòrùn rí láyé. Méjì irú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ wọn ní, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Orímisàn ń wa ọ̀kan, Túyì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wa èkejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Túyì gbé èèyàn méjì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọn kò sì padà wá mọ́. Òkun ti tẹ ọkọ̀ náà rún wọnú ara rẹ̀. Kéèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti parí.

Ilé iṣẹ́ ní kí Ẹnjiníà Fẹ́hìntọlá lọ kó àfọ́kù náà jáde. Obìnrin tí kì í kánjú ni. Ó rán róbọ́ọ̀tì lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú iná lójú, kó lọ so okùn mọ́ àfọ́kù, kí ẹ̀rọ orí ọkọ̀ ńlá tí wọ́n gbé wá máa ká okùn náà bọ̀ lókè díẹ̀díẹ̀.

Orímisàn tọ̀ ọ́ lọ. “Àǹtí, ẹ̀rọ yín yìí ń rìn bí ìgbín. Ẹ jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ tèmi lọ́la, kí n kó gbogbo ẹ̀ wá, káwọn ìyá olókùú rí nǹkan sin.”

“Ṣé ọkọ̀ tìẹ dá ọ lójú? Èèyàn méjì ló máa bá ọ wọ̀ ọ́ o.”

“Kò sóhun tó ṣe é. Túyì ló ṣi tiẹ̀ wà.”

Bàbá Ikúẹ̀sàn, àgbàlagbà tó ń darí okùn, rẹ́rìn-ín. “Akíkanjú! Tí ara bá ń yá ọ tó bẹ́ẹ̀, wá bá mi fi gíríìsì pa okùn.”

Irọ́ ni Orímisàn pa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ara ọkọ̀ tirẹ̀ ti dún nínú ibú, pàù! bí ẹni fi òkúta pa èkùrọ́. Túyì pàápàá ti bi í rí pé, “Ọ̀rẹ́, ṣé tìẹ náà ń dún?” Ó dá a lóhùn pé, “Ojo! Tèmi ò dún rí. Lọ máa bá ìyá rẹ yan ẹja.” Ojú ti Túyì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Fẹ́hìntọlá ní, “Àwọn méjèèjì tó máa bá ọ lọ ti ń múra. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí okùn yìí ń gbé bọ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, láti ìgbà tí oòrùn ti yọ títí ó fi kan àtàrí, okùn ń bọ̀. Ó ń jáde tútù bí ohun tí a yọ nínú fìríìjì, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń jó àwọn tó wà lókè. Nígbà tí àfọ́kù náà yọrí, irin tó nípọn bí itan géńdé ti ká bí ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ. Àwọn atukọ̀ ṣí fìlà láìsẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣí i.

Fẹ́hìntọlá na ọwọ́ sínú ibi tó ká náà, ó sì fa ìgò ike kékeré kan jáde. Omi àdúrà tí Túyì máa ń gbé dání ni, ó kún dẹ́nu, kò tilẹ̀ tẹ̀ níbì kan.

Bàbá Ikúẹ̀sàn kúnlẹ̀. “Áà! Ọba tó dá òkun! Irin fọ́, ike ò fọ́?”

“Bàbá, ìgò náà kún ni,” Fẹ́hìntọlá fèsì. “Omi òde bá omi inú, wọ́n kí ara wọn. Ọkọ̀ ní tiẹ̀, òfìfo ni inú rẹ̀, òun nìkan ló ń ru gbogbo òkun. Irú ẹ̀ kì í sì í fọ́ láìké ṣáájú. Ṣé kò sẹ́ni tó gbọ́ ni?”

Orímisàn wo irin, ó wo ike. Òkun tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú rẹ̀, ó ń dán, kò pariwo, bíi pé kò ṣe nǹkan kan.

“Mo gbọ́,” ló wí. “Tèmi náà ń dún. Túyì bi mí, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́.”

Wọ́n yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò. Ó ti sán yíká ọrùn, ìlà náà tín-ín-rín bí irun orí. Àwọn méjì tó ti múra láti bá a lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ilé iṣẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Orímisàn, kò sì wa ọkọ̀ mọ́ láyé rẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló lọ fẹnu ara rẹ̀ ròyìn fún ìyá Túyì. Ìyá náà kò ṣépè. Ohun tó bi í kò ju ẹyọ kan lọ: “Kí ló dé tó ò fi sọ fún un?”

Ẹ̀yin ọmọ, ìgboyà kọ́ ni kéèyàn bo ewu mọ́lẹ̀. Ẹ̀sín ọjọ́ kan kì í pani. Bẹ́ ẹ bá rí ohun tó ń sán, ẹ ké, kódà bí wọ́n máa fi yín rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ní ti Orímisàn, tara ẹlòmíì ló bá a dákẹ́.