Báàgì Tó Gun Òkè Bardonecchia

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Ọládùnjoyè bi Làmídì kó tó gbà á síṣẹ́: ṣé ó ti rìn lórí yìnyín rí? Làmídì kì í purọ́. Ó ní òun kò tẹ̀ ẹ́ rí, pé inú magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ni òun ti to ẹrù ní Padova fún ọdún mẹ́fà.

"Kò burú, ẹ̀gbọ́n," ni Ọládùnjoyè wí. "Irú yín gan-an ni mo ń wá."

Inú Làmídì dùn débi pé oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Magazzino ti dá òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti oṣù kẹwàá. Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni permesso rẹ̀, ìwé ìgbélùú, yóò parí, bí kò bá sì rí contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́, mú dé questura lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, òun, Sìkírátù ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ mẹ́ta, gbogbo wọn di ẹni tí kò níwèé. Ọládùnjoyè, tó ń ya fọ́tò eré orí yìnyín ní Torino, ti ṣèlérí pé bí iṣẹ́ gbígbé báàgì kámẹ́rà ní Sọ́ńdè bá lọ dáadáa, wọ́n á fọwọ́ síwèé ní Mọ́ńdè.

Làmídì múra sílẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Mọ́yọ̀ọ̀lá, aládùúgbò rẹ̀ tó ń kàwé ní yunifásítì. Ìyẹn ní òtútù máa ń pa bátìrì, kó máa kó wọn sí àpò àyà kí ooru ara lè kàn wọ́n; bí wọ́n bá sì fẹ́ wọ ibi tó gbóná, kó kọ́kọ́ fi ọ̀rá di báàgì pinpin, kí omi má baà sẹ̀ sójú kámẹ́rà.

Ní Sọ́ńdè náà, nínú oṣù kìíní ọdún 2014, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin dé Bardonecchia, ìlú orí òkè yìnyín. Ọládùnjoyè gbé kámẹ́rà kékeré kan kọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó gbé báàgì tí kámẹ́rà ńlá wà nínú rẹ̀ kọ́ Làmídì lẹ́yìn. Ó wo àtẹ́lẹ̀ bàtà magazzino tí Làmídì wọ̀, tó ti jẹ tán.

"Èyí dáa," ló wí.

Làmídì kọjú sí seggiovia, àga tí okùn irin ń fà gòkè. Ọ̀gá dá a dúró.

"Ìyẹn máa ń mi báàgì jù. Ẹ fẹsẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ òkè yẹn, ẹ ó bá mi lókè. Ẹ má de bẹ́líìtì àyà rẹ̀ o, kó lè yá bí mo bá nílò nǹkan."

"Ó ti yé mi, ọ̀gá."

Làmídì rò ó pé ẹni tó ń tọ́jú irinṣẹ́ báyìí yóò tọ́jú òṣìṣẹ́. Nígbà tí ọ̀gá kò rí i mọ́, ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi so báàgì náà mọ́ ara rẹ̀ pinpin.

Ó kù díẹ̀ kó dókè nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yìn ni ì bá fi balẹ̀. Ó fi tipátipá yíra padà, ó dojú bolẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì gbá àpáta. Ó gbọ́ bí egungun ṣe dún. Nǹkan àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó na ọwọ́ kejì sẹ́yìn, ó fọwọ́ kan báàgì. Kò sóhun tó ṣe é. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ̀jẹ̀ ń kán nímú rẹ̀.

Ọ̀gá ya fọ́tò títí ọ̀sán, kò sì béèrè ohunkóhun nínú báàgì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló rán Làmídì sọ̀ kalẹ̀ lọ ra kọfí.

"Ẹ gbé báàgì dání lọ," ló ń wí, "kí wọ́n má baà jí i."

Làmídì gbà pé ó ń dán òun wò ni, ó sì rí i pé òun ń yege.

Nírọ̀lẹ́, ó fi ọ̀rá di báàgì náà kí wọ́n tó wọ ilé kọfí tó wà ní ibùdókọ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, Ọládùnjoyè tú u, ó yí kámẹ́rà síwá sẹ́yìn. Kò họ níbì kankan.

"Ẹ ṣubú, àbí?"

"Mo ṣubú, ọ̀gá, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó kan báàgì."

Ọládùnjoyè dá kámẹ́rà padà sínú báàgì. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n." Ó dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Làmídì fi ọwọ́ tó wú pamọ́ sábẹ́ tábìlì, kí wọ́n má baà sọ pé kò lè ṣiṣẹ́ ní Mọ́ńdè, ó sì tẹ́tí sí ohun rere tí wọ́n fẹ́ sọ nípa òun.

"Olútóyìn, kò bọ́ sí i o," ni Ọládùnjoyè wí, "kámẹ́rà tó ti kú láti oṣù kọkànlá ni mo gbé kọ́ ọkùnrin yìí lẹ́yìn, kó lè ṣubú lé e kí ìnṣọ́ránsì fún wa ní tuntun, àfi bó ṣe fi ojú ara rẹ̀ gbalẹ̀, torí náà bá mi wá ẹlòmíràn di Sọ́ńdè tó ń bọ̀."