Àkísà Ojú Fèrèsé

Ọyẹ́ mú tó bẹ́ẹ̀ tí ètè ń bẹ́. Láwuyì, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Ṣakí, ń ti ìsọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ nígbà tí obìnrin kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Obìnrin náà fi kúbùsù borí, ó fi bo ojú.

"Ẹ kú òtútù, Bọ̀dá Láwuyì. Jẹnẹrétọ̀ wa ń dún, kò ṣe é pa mọ́."

"Ibo ló wà?"

"Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká máa gbé e wọlé, kí òtútù má baà mú un, kó má ṣòroó tàn."

Àyà Láwuyì já. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn oníbàárà rẹ̀ nígbà ọyẹ́ èṣí. Kò rántí fi kún un pé ìta ni kí wọ́n ti máa tàn án.

"Ẹ tètè ṣí fèrèsé! Èéfín rẹ̀ ń pani!"

"Àkísà la fi dí fèrèsé nítorí ọyẹ́. Àwọn ọmọ sì ti sùn."

Ó yíjú, ó ń lọ. Láwuyì sáré tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló ń dún. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé kan tí koríko ti bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò rí obìnrin náà mọ́.

Ó mọ ilé náà. Òun wà lára àwọn tó gbé òkú ìyá kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ méjì jáde níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Gbogbo àdúgbò sọ pé àwọn ayé ló pa wọ́n. Òun náà sọ bẹ́ẹ̀.

Àgádágodo ẹnu ilẹ̀kùn ti dípẹtà. Síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ ń dún nínú ilé, ọmọdé kan sì ń wúkọ́. Láwuyì ki ọwọ́ bọ ojú fèrèsé, ó ń fa àkísà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jí.