Akọrin Tuntun ní Houinmè

Onígìtá ẹgbẹ́ olórin kan la gìtá mọ́ Lámídì, akọrin wọn tuntun, lẹ́nu. Eyín méjì bọ́ sílẹ̀ nínú yàrá tí ẹgbẹ́ wọn ti máa ń kọrin ní àdúgbò Houinmè.

"Ọ̀dàlẹ̀! Ìwọ lo fa Òkunọlá lé sójà lọ́wọ́ kí o lè gbapò rẹ̀!"

Òkunọlá ni akọrin wọn àtijọ́. Láti ìgbà tí àwọn ológun tó gbàjọba ti mú un, orin wọn ti yí padà: gìtá ń ké kíkankíkan, ohùn Lámídì sì ń sán bí ààrá.

Lámídì nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, àtìmọ́lé kan náà ni èmi àti Òkunọlá jọ wà. Ibẹ̀ ló ti kọ́ mi lórin yín, kí wọ́n tó nà án títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Wọ́n ní kó dárúkọ ẹni tó ṣe orin tó ń bú wọn."

Onígìtá náà gbé gìtá rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ló wí?"

"Ó ní òun ni."

Onígìtá náà wólẹ̀, ó sunkún, nítorí òun gan-an ló ṣe orin náà. Nígbà tó dìde, ó ṣí fèrèsé tó kọjú sí bárékè àwọn sójà, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Lámídì, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ orin náà.