Ẹnì Kan Ṣoṣo Tí Kò Fẹ́

Oníáàpù tún ẹ̀bẹ̀ télọ̀ kan kà láàárín èsì tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìbéèrè tó bi wọ́n nípa áàpù tuntun rẹ̀ lórí Fesibúùkù: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí áàpù yín máa fi ibi tí mo wà han àwọn ará ilé mi."

Télọ̀ yìí nìkan ló kọ̀. Ajínigbé ti gba títì, gbogbo àwọn yòókù ló ní kí ẹni tó bá ti ní nọ́ńbà àwọn lè máa rí ibi tí àwọn wà. Oníáàpù mí kanlẹ̀, ó ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́, ó sì gbé e jáde.

Kò pẹ́ tí ìyá kan fi pè é láti inú mọ́tò.

"Áàpù yín ní Kìtán ọmọ mi wà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ. Ọ̀ọ́kán mi ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

Ìyá náà kígbe. "Ọmọ tí a ti sin sí Oǹdó! Nọ́ńbà rẹ̀ ni mi ò lè pa rẹ́. Ẹ má jẹ́ kó lọ o, mo ti dé Ọ̀wẹnà."

Oníáàpù sáré sọdá títì. Bùbá tí kò tíì lápá kejì wà lẹ́nu abẹ́rẹ́, wíìlì máṣíìnì ṣì ń yí, àga ṣófo. Lójú fóònù tí télọ̀ fi sílẹ̀, àwòrán ìyá rẹ̀ ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí Àkúrẹ́.