Ráútà Ilé Wa àti ti Àna Wa

Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn àna wa dé láti wá fi ráútà ilé wọn, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì, mọ ti ilé wa. Kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ kankan dání. Inú kọ̀ǹpútà ọmọbìnrin mi, Ìtùnúolúwa, ni ètò ọ̀fẹ́ kan ti ń ṣe bí ráútà méjèèjì. Bí wọn kò bá kíra níbẹ̀, kò sí ìgbéyàwó fún Ìtùnú àti ọmọ àwọn àna wa.

Ìtùnú tẹ bọ́tìnnì. Wọn kò kíra.

"Nọ́ńbà kan náà ni ráútà ilé méjèèjì ń lò bí àdírẹ́sì," ló wí. "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ yí tirẹ̀ padà."

Àṣé nínú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé méjèèjì ti mú nọ́ńbà, a sì fẹ́ràn orin kan náà. Ọkọ mi ló yan tiwa kó tó kú. Mo wolẹ̀.

Ìyá àfẹ́sọ́nà Ìtùnú wò mí, ó ní, "Ìyàwó wa, yí tiwa. Ẹni tó ń bọ̀ wá jẹ́ orúkọ wa, ṣé nọ́ńbà la ó wá máa bá a dù?"

Ìtùnú yí tiwọn padà, ó sì tún tẹ bọ́tìnnì.

"Ẹ kú ilé," ni ráútà tiwọn kọ sójú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ káàbọ̀," ni tiwa dáhùn.

Mo ti ń fò sókè kí n tó rántí pé orúnkún ń dùn mí.