Fítámì Adìyẹ

Ìgbẹ́ gbuuru ti fa ọmọ Ìyá Ẹlẹ́yin gbẹ bí ewé tí oòrùn pa.

Dókítà ń wo ìwé àyẹ̀wò. "Màámà, kòkòrò àìfojúrí ló ń da májèlé sínú ìfun rẹ̀. Oògùn mẹ́ta la ti lò, wọn ò tu irun kan lára kòkòrò náà. Àfi bíi pé ó ti mọ̀ wọ́n tipẹ́, tí wọ́n ti mọ́ ọn lára. Oògùn wo lẹ ń lò nílé?"

"A ò lo oògùn kankan. Fítámì adìyẹ nìkan ló wà lọ́dọ̀ mi. Ọmọ yìí ló máa ń bá mi bù ú sómi wọn."

Ó yọ ọ̀rá rẹ̀ lápò. Láti ilé adìyẹ ló ti gbé ọmọ sáré wá lọ́jọ́ kìíní, ọ̀rá náà ò sì kúrò lápò rẹ̀.

Dókítà ka orúkọ oògùn mẹ́ta tó wà lára ọ̀rá.

Àwọn mẹ́ta tí wọ́n ti fún ọmọ náà ni.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń fún àwọn adìyẹ?"

"Láràárọ̀ ni. Kò tíì sí ọ̀kan tó kú nínú wọn."